Olùpẹjọ́ Gbèsè Kékeré àti Olùrànlọ́wọ́ Rẹ̀: Láti Ọwọ́ Ológò Títí dé Kóòtù Ọdún 2018 ní Agbègbè Lekki àti Ajah

Ìfáárà

Ní ọdún 2018, nígbà tí Ọ̀pẹ́yẹmí Òkè jẹ́ Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ ìpínlẹ̀ náà ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lára àwọn kóòtù Májísíréètì láti máa gbọ́ ẹjọ́ owó kéékèèké. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn kóòtù náà fi àyè gba ẹnikẹ́ni tí a bá jẹ ní owó tí kò ju 5,000,000 náírà lọ, láìka èlé àti owó ẹjọ́ mọ́ ọn, láti wá ro ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó gba lọ́yà. Ìlànà náà sì sọ pé láti ọjọ́ tí a bá ti fi ẹjọ́ sílẹ̀ títí di ọjọ́ ìdájọ́, gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 60 lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìlànà yìí tí ó gba àfiyèsí jù lọ ni ‘fúnra rẹ̀’. Bí a bá wo ìtàn gbèsè àti ẹjọ́ gbèsè ní ilẹ̀ Yorùbá, àti ní etí òkun Èkó ní pàtàkì, a ó rí i pé ó ṣòro láti tọ́ka sí ìgbà kan tí ẹni tí a jẹ lówó dá wà níwájú adájọ́ ní òun nìkan. Ẹnìkan a máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó ń yí padà láti ìran dé ìran ni irú ẹni tí olùrànlọ́wọ́ náà jẹ́, ohun tí ó mọ̀ tí olùpẹjọ́ kò mọ̀, àti ohun tí ó ń gbà fún iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí yóò tọpa rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ilẹ̀ Lekki àti Ajah gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ó ti wo ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere, nítorí pé láàárín 50 ọdún péré ni ilẹ̀ náà kúrò ní ilẹ̀ apẹja tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, tí ó di ibi tí onílé kò mọ orúkọ ẹni tí ó múlé tì í.

Àwìn ní Etí Òkun

Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ilẹ̀ yìí, ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, òkun sì wà ní gúúsù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá Victoria Island, ó sì gùn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn títí tí ó fi kọjú sí Ẹpẹ́. Ìlú Lekki gan-an, tí gbogbo ilẹ̀ náà ń jẹ́ orúkọ mọ́, wà ní ọ̀nà jíjìn ní ìhà ìlà-oòrùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń sọ pé Lekki ni àwọn ń gbé lónìí ni kò dé ibẹ̀ rí. Ìlú yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fi Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1962 kí ó má baà lè rìn, nítorí pé ibẹ̀ jìnnà sí ariwo ìlú.

Ṣùgbọ́n jíjìnnà tí ó jìnnà kò sọ pé kò sí òwò níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó ní ìparí 1851, ó tẹ̀dó sí Ẹpẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Àdéhùn tí ó bá wọn ṣe ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, 1854 fi èbúté Palma, tí ó wà ní etí òkun yìí, sílẹ̀ fún un. Òwò epo pupa ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, òwò epo ní ìgbà náà sì jẹ́ òwò àwìn. Oníṣòwò òyìnbó a kó ọjà fún alárenà láìgba kọ́bọ̀, alárenà a pín in fún àwọn tí ń ra epo ní oko, ó sì lè pẹ́ kí epo tó dé etí òkun. Gbogbo ẹni tí ó wà lórí okùn yìí ni ó jẹ ẹnìkan, tí ẹlòmíràn sì jẹ. Ní 1863 Palma àti Lekki bọ́ sí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti Èkó, òfin gbèsè àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé àsíá wọn wọ ibẹ̀.

Nítorí náà, àwọn tí ó rò pé gbèsè àti ẹjọ́ gbèsè bá àwọn onílé alájà púpọ̀ wọ Lekki kò wo ẹ̀yìn tó.

Ológò

Kí òfin òyìnbó tó dé, onírúurú ọ̀nà ni Yorùbá ń gbà dáàbò bo owó tí wọ́n bá yá ènìyàn. Ìwọ̀fà ni ó gbajúmọ̀ jù: ẹni tí ó yáwó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn títí owó yóò fi pé, iṣẹ́ tí ó ń ṣe sì dúró gẹ́gẹ́ bí èlé. Onígbọ̀wọ́ tún wà, ẹni tí ó dúró fún ayáwó tí wọn yóò sì mú bí ayáwó bá sá. Bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, baálé ni wọn ń kọ́kọ́ kó o lọ bá. Bí kò bá yanjú, ó di ti olóyè àdúgbò, ó sì lè dé ààfin.

Ọ̀nà tí ó kan àpilẹ̀kọ yìí jù ni ti ológò. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí ó parí ní 1897 tí àbúrò rẹ̀ Obadiah Johnson sì rí i pé a tẹ̀ jáde ní 1921. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, bí onígbèsè bá ya alágídí, tí ẹni tí ó yá a lówó kò sì rí nǹkan kan gbà lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a láre, olówó a tọ àwọn aláṣẹ ìlú lọ, wọn a sì fún un ní ológò. Iṣẹ́ ológò ni láti lọ dógò ti onígbèsè. Yóò wọ ilé lọ, yóò wá yàrá onígbèsè tàbí ti baálé kàn, yóò sì fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Yóò máa pàṣẹ oúnjẹ, yóò pa adìyẹ tí ó bá rí, yóò máa pariwo, yóò sì máa bú onílé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí pé àṣẹ ìlú ni ó gbé e wá. Àwọn ará ilé, tí wọn kò jẹ gbèsè kankan, ni ìyà náà ń jẹ, àwọn náà ni wọn yóò sì kó owó jọ kí àlejò burúkú náà lè lọ.

Ó rọrùn fún ẹni òde òní láti rẹ́rìn-ín sí èyí tàbí kí ó kà á sí ìwà jàgídíjàgan. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Èkíní, ìdájọ́ ni ó ṣáájú ológò. Kò sí ẹni tí ó ń rán an jáde kí a tó gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, nítorí Yorùbá gbà pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́yìn èyí, ológò mọ ilé. Ìmọ̀ tí ó ń tà kò jẹ mọ́ òfin rárá. Ohun tí ó mọ̀ ni ẹni tí onígbèsè jẹ́, agbo ilé tí ó ti wá, ẹni tí ó lè bá a wí, àti ibi tí ìtìjú ti lè dùn ún jù. Ẹ̀kẹta ni pé agbo ilé ni ó ń san gbèsè. Ọgbọ́n ológò kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí onígbèsè bá ti dá gbé, tí kò ní baálé, tí kò sì sí ẹni tí yóò jókòó ti adìyẹ rẹ̀.

Ògbufọ̀, Lọ́yà àti Akọ̀wé Lẹ́tà

Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹjọ, 1861. Ní 1862, lára àwọn kóòtù tí Gómìnà Freeman dá sílẹ̀ ni ọ̀kan tí ó wà fún ọ̀rọ̀ òwò láàárín àwọn oníṣòwò. Láti ìgbà náà ni ohun tí olùpẹjọ́ nílò ti yí padà. Kò sí ẹni tí ó tún bi í léèrè pé ọmọ ta ni onígbèsè. Ohun tí adájọ́ ń béèrè ni ìwé, ẹlẹ́rìí àti ọjọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń béèrè. Olùrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ ní kóòtù òyìnbó ni ògbufọ̀, ẹni tí ó jókòó láàárín adájọ́ àti ẹlẹ́jọ́. Ohun tí ó bá gbé kalẹ̀ ni adájọ́ ń gbọ́.

Àwọn lọ́yà kò tíì sí nígbà náà. Òfin Kóòtù Gíga Jù Lọ ti 1876, èyí tí a ṣe nígbà tí Èkó wà lábẹ́ ìjọba Gold Coast, gba adájọ́ láyè láti fún àwọn tí ó mọ̀wé díẹ̀ tí wọ́n sì ní òye òfin díẹ̀ ní ìwé àṣẹ láti máa ṣe iṣẹ́ lọ́yà fún ìgbà díẹ̀, kí wọn sì tún un gbà. Akọ̀wé kóòtù àti akọ̀wé ilé-iṣẹ́ òwò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Christopher Sapara Williams, Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí lọ́yà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1879, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1888, ṣùgbọ́n àwọn lọ́yà aláìkọ́ṣẹ́ yìí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 1913. Ọmọníyì Adéwoyè, tí ó ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ìtàn iṣẹ́ lọ́yà àti ti kóòtù ní gúúsù Nàìjíríà, fún wọn ní àyè pàtàkì nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1977. Wọn kò lókìkí mọ́ lónìí, síbẹ̀ àwọn ni olùrànlọ́wọ́ tí ó súnmọ́ ẹni tí gbèsè rẹ̀ kéré. Owó wọn kò tó ti ẹni tí ó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọdún 1914 ni ìjọba dán an wò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti mú lọ́yà kúrò. Lugard, tí ó so gúúsù àti àríwá pọ̀, gbà pé lọ́yà ni ó ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará oko. Nínú àwọn Kóòtù Ẹkùn tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún náà, lọ́yà kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní àwọn kóòtù ìbílẹ̀. Àwọn lọ́yà àti àwọn oníwèé-ìròyìn Èkó ta ko ètò yìí gidigidi, a sì pa àwọn Kóòtù Ẹkùn náà rẹ́ ní 1933. Èkó àti àwọn ìgbèríko rẹ̀, Lekki àti Ẹpẹ́ pẹ̀lú, wà lábẹ́ Kóòlónì ní tiwọn, nítorí náà Kóòtù Ẹkùn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ibi tí ó dé jẹ́ ohun tí àwọn tí ń gbé kóòtù aláìní-lọ́yà kalẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Olùrànlọ́wọ́ kò kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó bọ́ sí ipò náà. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀, tí ó dá nìkan mọ ohun tí ó wà nínú ìwé, di alágbára ju àwọn adájọ́ tí wọn kò mọ̀wé lọ. Akọ̀wé lẹ́tà sì jókòó sí ìta.

Akọ̀wé lẹ́tà yẹ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Tábìlì kan, àga méjì, ìwé, gègé tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ní ẹ̀bá kóòtù, ọ́fíìsì D.O. tàbí ilé-ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tí a jẹ lówó a wá ro ẹjọ́ rẹ̀ ní Yorùbá, akọ̀wé a sọ ọ́ di lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí ó kún fún ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù, lẹ́tà náà a sì lọ sọ́dọ̀ onígbèsè. Ìjọba amúnisìn rí i pé àwọn kan ń kọ ohun tí oníbàárà wọn kò sọ, wọ́n sì ṣe òfin láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Òfin náà ní kí akọ̀wé ka ohun tí ó kọ fún oníbàárà kí ó tó tẹ̀ka, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí ìdí ìwé náà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú ìwé òfin Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá wọ ilé ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà kan ní ọjà Ajah, tí ó ní kí wọn bá òun kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó jẹ òun lówó, ọ̀dọ̀ àrọ́pò akọ̀wé lẹ́tà ni ó wà. Bóyá ọmọ tí ó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà náà mọ̀ pé òfin ní kí òun fi orúkọ òun síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Lẹ́yìn òmìnira, ìrànlọ́wọ́ ìjọba gba ọ̀nà mìíràn. Òfin Ìrànlọ́wọ́ Ẹjọ́ ti 1976 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti gba lọ́yà fún tálákà, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ńláńlá bí ìpànìyàn ni ó kọ́kọ́ gbájú mọ́. Gbèsè bíríkìlà kò sí nínú rẹ̀. Ní 1999 Ìpínlẹ̀ Èkó dá ibùdó ìpẹ̀tùsáàárọ̀ fún aráàlú sílẹ̀ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́, níbi tí àwọn tí ń jà ti lè jókòó láìsan owó kankan. Ibùdó yìí ni ó jọ ilé baálé jù nínú gbogbo ohun tí ìjọba ti ṣe, ó sì bá òye àwọn ènìyàn mu, nítorí pé Yorùbá gbà pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Àìpé rẹ̀ ni pé onígbèsè tí kò bá fẹ́ wá jókòó kò ní wá.

Kóòtù Ọdún 2018

Èrò pé kí kóòtù wà fún gbèsè kékeré kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin kóòtù ìbílẹ̀ fún gbèsè tí kò ju 20 pọ́n-ùn lọ láti 1846. Cleveland ní Amẹ́ríkà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1913 fún tálákà tí kò lágbára àtigba lọ́yà. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì tún ètò rẹ̀ ṣe ní 1973 kí ènìyàn lè dá ẹjọ́ ara rẹ̀ rò. Ti Èkó bọ́ sí àkókò tí ìjọba àpapọ̀ ń wá ọ̀nà láti mú kí òwò rọrùn ní Nàìjíríà, ìwúrí àwọn oníṣòwò sì hàn nínú ìlànà rẹ̀ ju ìyọ́nú sí tálákà lọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá náà lè pẹjọ́ níbẹ̀, kí ó sì rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá.

Ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ kò díjú. Ẹni tí ó ń gbé tàbí tí ó ń ṣòwò ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó lè lò ó, lórí owó tí iye rẹ̀ ti dájú: owó iṣẹ́ tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, owó ọjà tí a kó láwìn, owó tí a yá. Ẹni tí ó bá ń béèrè owó ìtánràn nítorí ìrora tàbí ìbàjẹ́ orúkọ kò lè gbé e wá síbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ìlànà béèrè ni lẹ́tà ìbéèrè owó, tí a pè ní Fọ́ọ̀mù SCA 1, tí olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti fi jíṣẹ́ fún onígbèsè kí ó tó wá sí kóòtù. Bí onígbèsè bá dákẹ́ tàbí kò san, olùpẹjọ́ a kún fọ́ọ̀mù ẹjọ́, SCA 2, a san owó rẹ̀, kóòtù a sì fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́. Ọjọ́ 7 ni olùjẹ́jọ́ ní láti fèsì. Bí kò bá fèsì, kóòtù lè ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí gbígbà. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá fojú kan ara wọn, májísíréètì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí ìjà láàárín wọn. Bí èyí kò bá bọ́ sí i, a gbọ́ ẹjọ́, ìdájọ́ a sì jáde láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí àròyé bá parí.

Wo ohun tí fọ́ọ̀mù yìí ń ṣe. Ó béèrè orúkọ, iye owó, ọjọ́, ohun tí ó fa gbèsè. Akọ̀wé lẹ́tà ni ó ń bi oníbàárà ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí láyé àtijọ́, tí ó ń yọ àròyé kúrò nínú ẹkún. Fọ́ọ̀mù ti gba iṣẹ́ náà. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré, àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ sì yẹ fún ìyìn, nítorí pé ó mú kí alásè ní Jákàńdè tàbí onípéńtì ní Badore lè fi ìwé kan ṣoṣo sọ ohun tí lọ́yà yóò fi ojú ewé mẹ́wàá sọ.

Síbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù náà ń sọ. Ẹ̀rí gbèsè àwọn ènìyàn wọ̀nyí sì wà nínú fóònù: owó tí a fi ránṣẹ́ láti bánkì, ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ara wa lórí WhatsApp. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó ní ìwé-ẹ̀rí àti àlàyé tí ó gbọ́dọ̀ bá a wá, èyí tí ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́ kò lè mọ̀. Lẹ́yìn èyí, ìlànà 2018 kò ṣe bí Lugard ti ṣe. Kò lé lọ́yà jáde. Ó kàn sọ pé kò pọn dandan ni. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè mú lọ́yà wá, ẹni tí a jẹ lówó a sì dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Nínú gbèsè, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tí a jẹ.

Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀sítéètì

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ibi tí ológò ti jẹ́ ọ̀gá. Kóòtù kò lè gbọ́ ẹjọ́ kí ìwé ìpẹ̀jọ́ tó dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́, ìwé náà kò sì lè dé ọwọ́ rẹ̀ bí a kò bá mọ ibi tí ó wà. Ní ìlú àtijọ́, kò sí ẹni tí ń béèrè èyí. Ní Lekki àti Ajah ó di ìbéèrè tí ó wúwo.

Ìtàn bí ilẹ̀ náà ṣe kún ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Lekki sí Ẹpẹ́ tí a là ní ìgbà Gómìnà Lateef Jákàńdè ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ó ṣí ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ní oṣù Keje, 1990, ìjọba ológun lábẹ́ Raji Rasaki wó Máròkó. Ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn ni ó pàdánù ilé wọn, a sì kó díẹ̀ lára wọn lọ sí Ìlàsàn àti Ìkòtà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tí ó ń jẹ ara wọn ní àwìn, tí wọ́n mọ ilé ara wọn, fọ́n káàkiri. Lẹ́yìn wọn ni ẹ̀sítéètì dé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láti Ìkátẹ̀ títí dé Ṣàngótẹ̀dó àti kọjá rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ògiri, géètì àti ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí ó kọ́ ilé fún ènìyàn níbẹ̀ lè mọ ilé náà, kí ó má mọ̀ bóyá ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un ni onílé, alágbàṣe, tàbí ayálégbé tí ó ti kó lọ.

Nítorí ìnira yìí ni ọ̀pọ̀ fi ń gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọlọ́pàá lè rí ènìyàn, ó sì lè dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n òfin kò fi ọ̀rọ̀ gbèsè sí ọwọ́ wọn: Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn ti 2015 àti Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Àwọn tí ń fi ọlọ́pàá gba gbèsè rò pé ọgbọ́n àwọn baba àwọn ni àwọn ń lò, pé ológò òde òní ni ọlọ́pàá. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ológò tẹ̀ lé ìdájọ́. Ọlọ́pàá tí a pè síbi gbèsè ń rọ́pò ìdájọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ayánilówó orí fóònù pàápàá ti dán nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ èébú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù onígbèsè, títí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe ìlànà fún wọn ní 2022. Wọ́n dógò tini láìní àṣẹ ìlú kankan, agbo ilé tí wọ́n sì ń dójú tì kì í ṣe agbo ilé mọ́, àkójọ nọ́ńbà ni.

Ẹni tí ó bá sì yàn láti bá òfin lọ ní Ajah yóò bá ara rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí fọ́ọ̀mù kò sọ fún un. Kóòtù ní akódà tí ń mú ìwé lọ, ṣùgbọ́n nínú ìṣe, olùpẹjọ́ ni ó sábà máa ń mú akódà dé ibẹ̀ kí ó lè fi ilé hàn án. Òun ni yóò bá a wọ ọkọ̀, tí yóò sì tọ́ka. Bí ó bá jàre, òun náà ni yóò tún wádìí ohun tí onígbèsè ní tí a lè gbà, tàbí bánkì tí ó ń kówó sí, nítorí pé kóòtù lè pàṣẹ fún bánkì láti san án, ṣùgbọ́n kì í wá bánkì náà rí fún ẹnikẹ́ni. Ó ti di ológò ara rẹ̀, láìní àṣẹ ológò. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lè ní ọ̀gá kò sí nílé, kí akódà sì yí padà.

Ọjọ́ 60 náà ti ń kà láti ọjọ́ tí ó fi ẹjọ́ sílẹ̀. Ìlànà 2018 rí èyí ṣáájú, ó sì fi gbólóhùn kan síbẹ̀ pé ìdájọ́ tí ó bá pẹ́ ju ọjọ́ náà lọ kò di asán nítorí pípẹ́ rẹ̀.